Pátákó Ọdún Lẹ́bàá Odò Yìnyín

Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ni a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, a lọ kí ìdílé kan tí wọ́n ti wà nínú ìjọ wa rí, kí wọ́n tó ṣí lọ sí ìlú Anchorage ní ìpínlẹ̀ Alaska, ní apá àríwá Amẹ́ríkà pátápátá. Ní alẹ́ ọjọ́ tí a débẹ̀, a ń retí kí ilẹ̀ ṣú kí a lè sùn, ilẹ̀ kò ṣú. Aago mọ́kànlá alẹ́ lù, ojú ọ̀run ṣì mọ́lẹ̀ kedere. Ìyá ilé rẹ́rìn-ín, ó wá aṣọ dúdú, ó fi bo fèrèsé fún wa. Bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti rí lọ́dọ̀ wọn nìyẹn.

Bàbá ilé sọ fún wa pé ibì kan wà lẹ́bàá ìlú Seward, tó jìn tó nǹkan bí máìlì 120 sí ilé wọn, tí ènìyàn ti lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibi tí yóò ti máa wo odò yìnyín. Ó ní ọdún kọkànlá rèé tí òun ti ń gbé Anchorage, òun kò tíì débẹ̀ rí. Iṣẹ́ kò jẹ́. Iṣẹ́ òru ló ń ṣe níbì kan, ó tún ń ṣe ti ọ̀sán níbòmíràn. Ìyàwó rẹ̀ wá bá wa ní kọ̀rọ̀, ó ní: "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú Daddy wọn lọ síbẹ̀, kí àwọn àti ọmọ yìí jọ lọ. Oṣù Kẹjọ ni ọmọ ń lọ sí yunifásítì ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Inú ilé kan náà la jọ wà, ṣùgbọ́n 'ẹ káàárọ̀ sà' àti 'ṣé o ti jẹun?' ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wọn." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára. Nígbà tí ó di ọjọ́ Sátidé, a gbàdúrà, àwa mẹ́ta sì gbéra: àwa, bàbá, àti ọmọ.

Kí ẹni tí kò rí i rí lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé ohun tí a pè ní odò yìnyín. Lórí àwọn òkè wọ̀nyẹn, òjò dídì tó ń bọ́ nígbà òtútù a máa pọ̀ ju èyí tí oòrùn lè yọ́ tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ti ọdún yìí a jókòó lé ti èṣín lórí, ti ọdún tó tẹ̀ lé e a tún gùn ún, títí ìwúwo wọn yóò fi fún ti ìsàlẹ̀ pọ̀, tí yóò di yìnyín tó le gbagidi. Bí ó bá ti nípọn tó, ìwúwo ara rẹ̀ náà ni yóò máa tì í sọ̀kalẹ̀ gba àárín àwọn òkè, díẹ̀díẹ̀, bí odò tí kò kánjú. Èyí tí a lọ wò ni wọ́n ń pè ní Exit Glacier. Inú pápá yìnyín ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Harding ni ó ti ń ṣàn wá. Pápá náà fẹ̀ ju máìlì onígun mẹ́rin 700 lọ, àwọn odò yìnyín tó ń tinú rẹ̀ jáde sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40. Ní ọdún 1968, àwọn tí àkọsílẹ̀ fi hàn pé wọ́n kọ́kọ́ rin pápá náà já, ojú odò yìnyín yìí ni wọ́n gbà sọ̀kalẹ̀. Ìdí nìyí tí orúkọ rẹ̀ fi túmọ̀ sí ọ̀nà àbájáde. Ní ọdún 1980, ìjọba Amẹ́ríkà sọ gbogbo agbègbè náà di ọgbà ìjọba, wọ́n pè é ní Kenai Fjords.

Ohun tó kọ́kọ́ dá wa dúró kì í ṣe yìnyín, pátákó ni. Pátákó kékeré ni, ọdún nìkan ni wọ́n kọ sí i lára. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ibí yìí gan-an ni etí yìnyín dé ní ọdún náà. A bá 1917 pàdé, a rìn títí, a bá 1926, a tún rìn, a bá 1951. Láti nǹkan bí ọdún 1815 ni odò yìnyín yìí ti ń fà sẹ́yìn, ó sì ti fà ju máìlì kan lọ. Àwọn igi pàápàá ń bá wa ka ọdún. Níbi tí yìnyín ti kúrò láti ọjọ́ pípẹ́, igi ńláńlá ti hù. Bí a ti ń súnmọ́ ọn, igbó ń kúrú sí i, títí ó fi ku òkúta lásán, tí yìnyín ti fá lára bí ẹni fi èékánná fá ògiri.

Nígbà tí a dé ibi pátákó 2005, bàbá dúró. Ó wo pátákó náà títí, ó ní: "Ọdún tí a bí ọ rèé."

Ọmọ wo pátákó, ó wo odò yìnyín lọ́ọ̀ọ́kán, ó tún wo ilẹ̀ òkúta tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Ó ní, "Daddy, gbogbo èyí ti lọ látìgbà tí mo dáyé?" Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ tún bi í léèrè pé: "Níbo lẹ wà lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi?" Bàbá dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní: "Ìbàdàn ni màmá rẹ bí ọ sí. Èkó ni èmi wà, mò ń wá owó ilé ìwòsàn. Ọjọ́ kẹta ni mo tó rí ojú rẹ." Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, kò sì gbọ́ ọ rí. A rọra rìn síwájú, a fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn.

Lẹ́yìn èyí ni a kọjú sí ọ̀nà tó gun òkè lọ sí ibi tí a ti lè rí pápá yìnyín. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ ju máìlì mẹ́jọ lọ, ní máìlì kọ̀ọ̀kan, ènìyàn yóò gòkè tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,000. A ti gun òkè Ìdànrè nígbà èwe wa, ṣùgbọ́n orúnkún èwe kọ́ ni orúnkún ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà ti kìlọ̀ fún wa pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, òjò dídì ṣì ń bo ọ̀nà lókè, àti pé béárì wà nínú igbó, kí a máa pariwo kí a má baà bá a lójijì. Ni a bá ń pàtẹ́wọ́, a ń kọ orin. Ọmọ ní kò sí béárì tó gbọ́ Yorùbá rí ní agbègbè yẹn, ó ní yóò sá ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbọ́ tí òun àti bàbá rẹ̀ jọ rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Bí igbó ti ṣí lójú wa, odò yìnyín hàn kedere nísàlẹ̀. Kì í ṣe funfun nìkan, nínú àwọn ibi tó ti sán, ó rí bí aró. Yìnyín tó le bẹ́ẹ̀ a máa gbé pupa inú ìmọ́lẹ̀ mì, a sì jẹ́ kí búlúù jáde. Oòrùn ń ta wá lẹ́yìn ọrùn, atẹ́gùn tútù sì ń fẹ́ láti orí yìnyín lu wá lójú.

Kò pẹ́ tí òjò dídì fi gba ojú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ àwọn tó ṣáájú wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ibẹ̀, a sì ń gbọ́ omi tó ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Bàtà kánfáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ ọmọ. A ní kí a padà. Ó fajúro, ó ní òun lè dé òkè, kí a dúró de òun. Ó ti gbé ẹsẹ̀ lé e. Àyà wa já.

Bàbá kò jágbe. Ó ní: "Mo mọ̀ pé o lè débẹ̀. Èmi ni kò lè débẹ̀. Má fi mí sílẹ̀ síbí."

Ọmọ dúró. Ó yí padà, ó fún bàbá rẹ̀ ní ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀, ó bọ́ síwájú rẹ̀, ó ń fi ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí hàn án títí a fi dé ìsàlẹ̀. A kò rí pápá yìnyín o. A kò kábàámọ̀.

Ẹ̀yin ará, kí ló ń mú yìnyín náà lọ? Bí ti oníṣòwò tó ń jẹ ojú owó ni. Èyí tí ẹ̀ẹ̀rùn ń yọ́ ti ju èyí tí òtútù ń kó wá lọ. Ooru ayé ń pọ̀ sí i nítorí èédú, epo àti gáàsì tí ọmọ ènìyàn ń jó, yìnyín orí òkè Kilimanjaro nílẹ̀ Áfíríkà tiwa náà sì ń dín kù. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí kò bá sí pátákó, ẹni tó bá dé ibẹ̀ lónìí yóò rò pé ibi tí yìnyín wà yìí ló ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Inú ilé wa ńkọ́? Ọmọ tó ń bá wa sọ̀rọ̀ ní ọmọ ọdún méje, ìgbà wo ló dákẹ́? Kò sẹ́ni tó gbọ́ ariwo ọjọ́ náà. Kì í ṣe pé bàbá yìí burú. Owó ilé ìwé ọmọ náà ló ń fi òru wá. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá ló gbà á kó tó rìn ìrìn ọjọ́ kan pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, kò dìgbà tí ẹ bá dé Alaska. Ẹ mú ọjọ́ kan nínú oṣù yìí, ẹ jọ rìn dé ibì kan, kí ẹ sọ ibi tí ẹ wà lọ́jọ́ tí a bí i fún un.

Ọmọ ti lọ sí yunifásítì ní oṣù Kẹjọ ọdún náà. Bàbá rẹ̀ sọ fún wa lórí fóònù pé ó ń pe òun ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ó ní ìgbà mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ àwọn kì í ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n òun kì í gba iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ Àìkú mọ́.

Ó di oṣù tó ń bọ̀.