Ìtọ́ka Tí Kò Ní Ìwé Lẹ́yìn

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò lè dákẹ́ lé lórí mọ́, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé àti ẹ̀yin ìjòyè wa. Lórí Wikipedia èdè Yorùbá, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kọ ìtàn kí ẹlòmíràn sì tún un ṣe, a ń rí ojú ewé tí a kọ "Johnson 1921" sí nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá wá orúkọ ìwé náà dé òpin, a kì yóò bá a. Johnson wo? Ìwé wo?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a kórìíra ìkékúrú. Àdàkọ tí wọ́n ń pè ní sfn wúlò púpọ̀. Orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún ìwé àti ojú ewé nìkan ni ó ń béèrè. Ẹni tí ó bá sì tọ́ka sí ìwé kan nígbà ogún kò ní láti to gbogbo orúkọ rẹ̀ nígbà ogún. Ó tún ń rán wa létí láti dárúkọ ojú ewé, èyí sì ni a fẹ́ràn jù. The History of the Yorubas ju ẹgbẹ̀ta ojú ewé lọ. Ẹni tí ó dárúkọ ìwé náà lásán dà bí ẹni tí ó sọ níwájú adájọ́ pé ẹlẹ́rìí òun ń gbé ní Ìbàdàn.

Ṣùgbọ́n bí àrokò ni ìtọ́ka kúkúrú rí. Lójú ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, okùn àti owó ẹyọ lásán ni. Ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ orúkọ ìwé tí ó yẹ kí ó wà nísàlẹ̀ ni ìtumọ̀ tiwa. Àwọn tí ń túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì a máa kó ọ̀rọ̀ wá, wọn a kó àwọn àmì kéékèèké náà wá, wọn a sì fi àkójọ ìwé sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

Orúkọ àti ọdún inú ìkékúrú sì gbọ́dọ̀ bá ti inú ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ mu rẹ́gí. Ibí yìí ni ìmọ̀ fúnra rẹ̀ ti ń ṣi àwọn kan lọ́nà. Wọ́n mọ̀ pé Àlùfáà Samuel Johnson parí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1897, wọ́n sì kọ 1897. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, kò sì jáde títí di 1921. Bí ìkékúrú bá wí pé 1897, tí ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ sì wí pé 1921, wọn kì yóò pàdé láéláé.

Àwọn kan ń sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ ìwé náà yóò wá a rí fúnra rẹ̀. A kò gbà. Ẹ̀yin ìjòyè mọ bí ọ̀rọ̀ ìlú tí ó kọ́kọ́ tẹ̀dó, tàbí ilé tí adé tọ́ sí, ti ń dá ìjà sílẹ̀. Lórí Wikipedia, ọ̀rọ̀ tí a kò rí ẹlẹ́rìí rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni lè pa rẹ́, òfin ibẹ̀ kò sì ní dá a lẹ́bi. Ṣé ọ̀tá ni yóò pa ìtàn wa rẹ́ ni, tàbí ìwà ọ̀lẹ àwa fúnra wa?

Nítorí náà, ẹni tí ó bá tún ń gbé ojú ewé kan kalẹ̀, kí ó kọ́kọ́ tẹ àwọn nọ́ńbà kéékèèké náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá gbé e dé ìdí ìwé kankan, kí ó tún un ṣe kí ó tó lọ sùn.