Aláìsàn Dákẹ́: Ṣé Ara Rẹ̀ Ti Yá?

Bí wèrè bá mú ènìyàn nínú ilé, ariwo rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dà wá láàmú. Ó ń kígbe lóru, ó ń fọ́ ìkòkò, ó ń sá lọ sí ojú ọ̀nà mọ́tò. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá ti pa á lẹ́nu mọ́, oògùn ni a ń pè é. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, nítorí àwọn òyìnbó ti gba ọ̀nà yìí rí.

Ní ọdún 1935, dókítà kan ní orílẹ̀-èdè Pọ́túgà, Egas Moniz, mú kí wọ́n lu ihò sí orí aláìsàn, kí wọ́n sì ba àwọn iṣan tó so iwájú ọpọlọ mọ́ ìyókù jẹ́. Iṣẹ́ abẹ yìí ni wọ́n wá ń pè ní lọbọ́tọmì. Ní 1949, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀! Ní Amẹ́ríkà, láti 1946, dókítà Walter Freeman ń ti irin ṣóńṣó gba òkè ẹyinjú wọ inú orí, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe é fún ní Amẹ́ríkà nìkan tó 40,000.

Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ dákẹ́. Ṣùgbọ́n irú ìdákẹ́jẹ́ wo? Ẹlòmíràn á jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́, kò ní bínú, kò ní yọ̀, kò ní béèrè ọmọ rẹ̀. Àwọn mìíràn kú. Rosemary Kennedy, àbúrò John Kennedy tó di ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1961, jẹ́ ọmọ ọdún 23 nígbà tí bàbá rẹ̀ gbà kí wọ́n ṣe é fún un ní 1941. Láti ìgbà náà, kò lè rìn dáadáa, kò sì lè sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́. Olówó ni bàbá náà o. Láti 1952 tí oògùn chlorpromazine ti jáde ní Paris ni iṣẹ́ abẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kásẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ gbọ́ ibi tó ti kàn wá. Ní 1953, Carothers, dókítà òyìnbó tó ti ṣiṣẹ́ ní Kenya, kọ ìwé fún Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ó ní ìwà adúláwọ̀ jọ ti òyìnbó tí wọ́n ṣe lọbọ́tọmì fún. Àbùkù gbáà! Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, kọ̀wé takò ó. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, iṣẹ́ rẹ̀ ní Aro ni èsì tó dára jù. Láti 1954, ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Ìbátan kan á bá aláìsàn wá, á máa se oúnjẹ fún un. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n ń lọ sí oko, wọ́n ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀.

Kí a má fi òyìnbó nìkan ṣe ẹlẹ́yà. Ṣẹkẹṣẹkẹ ńkọ́? Pàṣán àti ebi ńkọ́? Ẹni tó de ọmọ rẹ̀ mọ́ igi lè má jẹ́ ìkà. Ẹ̀rù ojú ọ̀nà ló ń bà á. Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Síbẹ̀, irin ń dá egbò sí ọrùn ẹsẹ̀, àìsàn sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Bí ẹ bá sọdá sí Ìdírókò lọ sí Aro, tàbí ẹ gba Àjàṣẹ́ lọ sí Jacquot ní Kutọnu, kí ẹbí kan bá aláìsàn lọ. Ẹ má kàn béèrè pé ṣé ó ti dákẹ́. Ṣé ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun? Ṣé ó mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀? Ṣé ó lè di ọkọ́ mú? Bí oògùn bá ń mú un sùn láti àárọ̀ di alẹ́, ẹ má dà á nù. Ẹ padà lọ sọ fún dókítà, kí ó yẹ ìwọ̀n rẹ̀ wò.