Marie-Josée Ta Lou: Ṣé ẹni tí kò gba àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì kùnà ni?

Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹjọ, ọdún 2024, obìnrin mẹ́jọ ló dúró sórí ìlà ní Paris fún àṣekágbá eré ìje mítà 100 ti Òlíńpíìkì. Julien Alfred láti Saint Lucia ló gba góòlù, ìṣẹ́jú àáyá 10.72 ló fi sá a. Marie-Josée Ta Lou-Smith ti Côte d'Ivoire ló gbẹ̀yìn. Ó fara pa lẹ́nu eré, ìṣẹ́jú àáyá 13.84 ló sì fi dé òpin.

Ẹni tó bá wo ọjọ́ yẹn nìkan lè sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo 10.72 yẹn dáadáa. Iye ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an ni Ta Lou fi sáré ní Monaco ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, tó fi di obìnrin tó yára jù nínú ìtàn ilẹ̀ Áfíríkà. Ó ti kọjá 10.79 tí Blessing Okagbare ti Nàìjíríà sá ní 2013, ó sì kọjá 10.78 tí Murielle Ahouré, ọmọ Abidjan, sá ní 2016.

Kí ló wá dé tí kò fi ní àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì kankan?

Ipò kẹrin

Ọmọ ọdún 27 ni nígbà tó kọ́kọ́ kópa ní Òlíńpíìkì, ní Rio lọ́dún 2016. Ipò kẹrin ló wà nínú mítà 100, ipò kẹrin náà ló wà nínú mítà 200. Nínú mítà 100, 10.86 ni òun àti Shelly-Ann Fraser-Pryce ti Jàmáíkà jọ sá. Ìdá méje nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ló gba idẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti kọjá.

Ní ìdíje àgbáyé ti London lọ́dún 2017, ó gba fàdákà méjì. Ní Asaba, ní Nàìjíríà lọ́hùn-ún, ó gba góòlù méjì nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ọdún 2018. Ó gba idẹ ní Doha lọ́dún 2019. Ní Tokyo àti Budapest, ipò kẹrin ló tún ń dúró dè é.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Ìyàtọ̀ tó kéré tó báyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ nìkan. Ní Jàmáíkà, àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama ti ń bára wọn díje nínú eré sísá láti ọdún 1910. Inú ètò bẹ́ẹ̀ ni Fraser-Pryce dàgbà sí ní Kingston. Alfred náà kò ju ọmọ ọdún 14 lọ nígbà tó lọ kàwé ní Jàmáíkà.

Ta Lou ní tirẹ̀, bọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ wù ú. Lẹ́yìn tó yan eré sísá, ó di Shanghai ní ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tó ti rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti ibi tó lè ti máa gbára dì. Ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ pẹ́, tó sì ní láti fi ilé sílẹ̀ kó tó rí pápá gidi, iṣẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ kí wọ́n tó yin ìbọn.

Kì í ṣe pé kò sówó. Ẹ rántí pápá ìṣeré Alassane Ouattara ní Ebimpé, lẹ́bàá Abidjan, níbi tí Côte d'Ivoire ti na Super Eagles 2-1 ní oṣù Kejì ọdún 2024. Ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún èèyàn ni pápá náà lè gbà. Bọ́ọ̀lù ló mú kí wọ́n náwó bẹ́ẹ̀. Àwa náà kò sàn jù wọ́n lọ: pápá Súrùlérè ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ṣe ìdíje gbogbo Áfíríkà lọ́dún 1973, ti wà nínú ìbàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nítorí náà, ká má bi Ta Lou ìdí tí kò fi gba àmì ẹ̀yẹ. Ó ti ṣe tirẹ̀. Àwọn ìjọba wa ló yẹ ká bi léèrè: ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá tó ń sáré lẹ́sẹ̀ lásán ní Yopougon tàbí ní Ẹjìgbò lónìí, ilé ẹ̀kọ́ wo ló ní pápá tó lè ti sáré, olùkọ́ wo ló sì máa dúró tì í pẹ̀lú aago?