Ohun Ẹni Kì í Di Méjì Kínú Ó Bíni

Oṣù kejì tí Màmá Àgbà kú ni fóònù mi já bọ́ sínú kànga. Inú rẹ̀ ni mo gba ohùn wọn sí, níbi tí wọ́n ti ń ki oríkì ìdílé wa. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n kì nílé wa mọ́. Fóònù bàjẹ́, ṣùgbọ́n ohùn Màmá kò bá a lọ. Láti alẹ́ ọjọ́ tí mo ti gbà á ni ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà bàbá mi, kò sì ná wa ní dátà kankan.

Syncthing ni a lò. Láti ọdún 2013 ni ó ti wà, ọ̀fẹ́ ni. A ó jẹ́ kí fóònù àti kọ̀ǹpútà dá ara wọn mọ̀. Tí àwọn méjèèjì bá ti wà lórí Wi-Fi kan náà, ohun tó bá wọ fódà ọ̀kan yóò wọ ti èkejì, ì báà jẹ́ pé dátà ti tán. Bí wọ́n bá jìnnà síra, íntánẹ́ẹ̀tì ni wọn yóò gbà, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn kò ní lè ka ohun tó ń kọjá.

Àwọn olùkọ́ wa a máa ní kí á kó gbogbo iṣẹ́ wa sí “cloud”. Kí ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni! Google ń fún ni ní 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá kún, ó di owó. Dátà ni a ó fi gbé e lọ, dátà náà ni a ó fi gbé e bọ̀. Kí ló dé tí ohun tó ń ti yàrá lọ sí pálọ̀ yóò kọ́kọ́ rìnrìn àjò dé òkè òkun?

Ẹnìkan lè bi mí pé, “Bí ilé bá jó ńkọ́?” Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bí mo bá sì pa fáìlì kan rẹ́ lórí fóònù, ó lè pa rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí ẹ̀dà kẹta fi wà nínú fláàṣì, nílé àbúrò bàbá mi. Ẹni tó bá fẹ́ cloud kún un, kò burú. Ohun tí mo lòdì sí ni pé kí ó jẹ́ ibẹ̀ nìkan.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ wa ní èyí nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin òbí, ohùn àwọn àgbà yín ń bẹ nínú fóònù kan ṣoṣo. Ẹ sọ ọ́ di méjì lálẹ́ òní.