Ṣé Àtọ̀gbẹ Ọmọdé Ò Sí Ní Ore Ni, Àbí A Ò Kà Á?

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Ore bóyá ọmọ ọdún mẹ́jọ lè ní àtọ̀gbẹ. "Àìsàn àgbà nìyẹn," ni wọ́n á sọ fún yín. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ kí n tó wọ yunifásítì.

Èyí tí mò ń sọ, táìpù kìíní, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ọmọ ń jẹ ṣúgà jù. Àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ló ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe insulin. Láìsí insulin, inú ẹ̀jẹ̀ ni ṣúgà ń kóra jọ sí, ìtọ̀ á wá máa gbé e jáde pẹ̀lú omi ara. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ tán nínú orúkọ rẹ̀: à-tọ̀-gbẹ.

Finland ló ti wọ́pọ̀ jù lágbàáyé: lọ́dọọdún, ó ń mú ọmọ tó lé ní 50 nínú 100,000 ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Iye tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà kéré gan-an sí ìyẹn. Àbùdá wa yàtọ̀ lóòótọ́, mi ò sì rò pé tiwa lè tó tiwọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìwé tí wọ́n ń kọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí. Ta ló ń kọ ti Odigbo?

Ẹ fọkàn yàwòrán ọmọ kan ní abúlé oko kòkó. Ó ń mu omi ṣáá. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ọ́lé, ohun tó ti fi sílẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Ó ń jẹun, síbẹ̀ ó ń rù. Èèrà ń bo ìtọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n á fi gbé e dé Ore, ó ti ń bì, inú ń run ún, ó ń mí gúlegúle. Oníkẹ́mìsì ní ibà pẹ̀lú táífọ́ọ̀dù ni, ó gún un lábẹ́rẹ́. (Bí wọ́n bá tún wá fa dírípù oníṣúgà sí i lára ńkọ́?) Bó bá kú, wọ́n á ní ibà ló pa á, tàbí kí wọ́n ní ọwọ́ ayé ni. Kò ní wọ inú iye àtọ̀gbẹ láéláé. Àwa á sì máa sọ pé kò wọ́pọ̀ níbí!

Oṣù kìíní ọdún 1922 ni wọ́n kọ́kọ́ fún èèyàn ní insulin, Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ní Toronto. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ohun tí mò ń bèèrè ò pọ̀: ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ní gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ní Odigbo, kí wọ́n sì lò ó fún ọmọ tó bá ń bì tàbí tó ń tọ̀ jù, kí wọ́n tó pè é ní ibà. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lórí ìka ni, kò tó ìṣẹ́jú kan. Kí wọ́n kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Ibà náà lè wà níbẹ̀ o, torí náà kí wọ́n yẹ méjèèjì wò.