Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Ráyè Wá Iṣẹ́

Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé bí ọmọ bá ti kàwé gboyè nílùú ọba, wàhálà tán. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó gboyè tán ni eré tó le jù lọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwa tá a wà nílé sì wà lára ohun tó ń fà á lẹ́sẹ̀.

Láti oṣù Agẹmọ ọdún 2021 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè tó bá yege ní físà tí wọ́n ń pè ní Graduate. Ọdún méjì ni fún oyè àkọ́kọ́ àti ti máàstà, ọdún mẹ́ta fún ọ̀mọ̀wé. Ẹni tó bá béèrè fún un láti oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2027, oṣù 18 péré ni wọn yóò fún un, àfi tó bá jẹ́ ọ̀mọ̀wé. Bí físà náà bá sì ti tán, kò ṣeé tún ṣe. Ọ̀nà tó kù fún ọ̀pọ̀ wọn ni kí ilé iṣẹ́ tó gba àṣẹ ṣe onígbọ̀wọ́ fún wọn.

Onígbọ̀wọ́ yìí gan-an ló wọ́n. Iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó gba ìmọ̀ yunifásítì, owó ọdún kan lórí rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní 41,700 pọ́n-ùn fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Wọ́n gbà kó tó 33,400 fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 26, tàbí tó ń ti orí físà Graduate bọ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá á tún san 1,320 pọ́n-ùn fún ìjọba lọ́dọọdún nítorí ẹyọ òṣìṣẹ́ kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń béèrè lórí fọ́ọ̀mù pé, “Ṣé wàá nílò onígbọ̀wọ́?” Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni,” tí wọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sábà máa ń ṣílẹ̀kùn ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, púpọ̀ nínú wọn á sì ti tì í kí Kérésì tó dé. Ẹni tó wá ka máàstà ọlọ́dún kan, oṣù tó balẹ̀ gan-an ló yẹ kó ti máa kọ̀wé. Ṣùgbọ́n gbèsè tá a jẹ kó tó lè rìnrìn àjò ò jẹ́. Nígbà tó ń kàwé, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni òfin gbà á láàyè láti ṣiṣẹ́. Bí físà Graduate bá ti dé, ìdènà yẹn kúrò, ló bá kó wọ iṣẹ́ òru, yálà ti ìtọ́jú arúgbó tàbí ti ilé ìkẹ́rùsí.

Ẹ wo bó ṣe ń rí. Ọmọ ti fi gbogbo òru yí arúgbó padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó délé láago mẹ́jọ àárọ̀, ó ṣí kọ̀ǹpútà kó lè parí fọ́ọ̀mù tó ku díẹ̀. Fóònù dún. “Ọmọ mi, ṣé dáadáa lo jí? Owó ilé ẹ̀kọ́ àbúrò rẹ ti délẹ̀ o. Bàbá tó yá wa lówó náà tún wá lánàá.” Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó sì gba iṣẹ́ òru mìíràn kún èyí tó ní.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀gàn. Àmọ́ láti oṣù Agẹmọ 2025 ni ìjọba ti dáwọ́ gbígba irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti òkè òkun dúró, wọ́n sì ti sọ pé àyè táṣẹ́rẹ́ tó kù fáwọn tó ti wà nílùú yóò dópin ní 2028. Ní ti iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí, kò lè mú físà wá rárá.

Nígbà tó bá ku oṣù díẹ̀ kí físà tán ni àwọn gbájúẹ̀ á yọ, tí wọ́n á ní àwọn ní ìwé ìgbọ̀wọ́ tà. Òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni tà á, orúkọ gbogbo ilé iṣẹ́ tó ní àṣẹ sì wà lórí ìkànnì ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá san owó fún irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè pàdánù owó, kó tún pàdánù físà.

Ẹ̀yin òbí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ bá ẹni tó yá yín lówó ṣàdéhùn kí ọmọ tó wọ bàálù, kó má ṣe retí kọ́bọ̀ títí ọmọ yóò fi ríṣẹ́ tó lè gbà á dúró. Bí ẹ bá sì pè é láàárín ìgbà yẹn, ẹ béèrè iye ilé iṣẹ́ tó kọ̀wé sí lọ́sẹ̀ náà, kí ẹ má béèrè owó.