GÁLỌ́Ọ̀NÙ KÌ Í ṢE TÁŃKÌ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ti ń fi ọwọ́ bò mọ́lẹ̀ ní àwọn páàkì wa láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí. Ó tó gẹ́ẹ́. A óò sọ ọ́ lónìí, ẹni tí inú bá bí, kí ó bí i.

Ọ̀rọ̀ náà ni ti ẹ́ńjìnnì tí à ń pààrọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì bá kú, ọlọ́kọ̀ á lọ sí Àgọ́dì-Gate ní Ìbàdàn, tàbí Ládìpọ̀ ní Èkó, á ra tòkunbọ̀. Kò sí ẹ̀bi nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mẹkáníìkì bá ní ẹ́ńjìnnì yìí ń fẹ́ táńkì àti pọ́ǹpù tirẹ̀, ọlọ́kọ̀ á fajú ro: “Ẹ ṣáà dọ́gbọ́n sí i.” Ọgbọ́n wo ni wọ́n ń dá? Gálọ́ọ̀nù oníke kan lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀, rọ́bà méjì tí a fi wáyà so, àti pọ́ǹpù àlòkù tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó ti wá. Ẹni tó ra ẹṣin tó kọ̀ tí kò ra ìjánu, ṣé òun ni ẹṣin yóò gbé ṣubú ni, àbí ẹni tó ní kó gùn ún?

Ẹ jẹ́ kí a yé ara wa. Ọkọ̀ ayé àtijọ́, irú Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Kàdúná àti Volkswagen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Èkó lọ́dún 1975, kábúrétọ̀ ni wọ́n ń lò. Ara ẹ́ńjìnnì ni pọ́ǹpù wọn wà. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń tì í ṣiṣẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, pọ́ǹpù náà kú. Agbára tó fi ń ti epo kò ju nǹkan bí 4 sí 6 lọ, bí a bá fi géèjì àwọn fọkanáísà wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ òde òní kò ní kábúrétọ̀. Íńjẹ́kítọ̀ ló ní, pọ́ǹpù oníná ló sì ń ti epo sí i ní agbára 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ táyà ọkọ̀ kékeré kì í sábà ju 35 lọ! Ẹ wá fi rọ́bà tí a ṣe fún 6 gbé 40. Lọ́jọ́ tí rọ́bà náà bá là, epo kò ní kán tótó. Yóò fín sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná bí àgbẹ̀ ṣe ń fín oògùn kòkòrò sóko ẹ̀wà.

Gálọ́ọ̀nù ńkọ́? Táńkì gidi ní ògiri nínú tí kì í jẹ́ kí epo máa rú. Ó ní ìdérí tó dì, ó ní ihò tó fi ń mí, ó ní ojú ọ̀nà tí epo tó ṣẹ́kù lẹ́nu ẹ́ńjìnnì ń gbà padà, wọ́n sì dè é mọ́ abẹ́ ọkọ̀ pinpin. Gálọ́ọ̀nù kò ní ọ̀kankan. Àárín èrò ló jókòó sí bí èrò. Èéfín epo tó ń ti ibẹ̀ jáde wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ọkọ̀ ló ń rọra tẹ́ sí. Sìgá kan ṣoṣo, tàbí wáyà kan tó ta páná, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Bí ọkọ̀ bá sì ń gun òkè, epo á ya sí ẹ̀gbẹ́ kan, pọ́ǹpù á máa fa afẹ́fẹ́. Epo yìí náà ló ń tu pọ́ǹpù lára. Bí kò bá ti rí epo fà, jíjó ló kù. Ta ni yóò ra òmíràn? Awakọ̀ ni! Owó ojúmọ́ ọlọ́kọ̀ kò sì ní dín kọ́bọ̀.

Ẹnikẹ́ni má sọ pé bẹntiróòlù nìkan ni. Láti ìgbà tí Ààrẹ Tinubu ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ti ń sọ ọkọ̀ wọn di ti gáàsì CNG. Ohun tó dára ni, bí a bá ṣe é dára. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ kan bú gbàmù níbi tó ti ń ra gáàsì ní ìlú Benin. Àwọn tí ìjọba àpapọ̀ fi ṣe alábòójútó ètò náà ní sílíńdà tí wẹ́dà jó pọ̀, tí kì í ṣe ti CNG, ló wà nínú rẹ̀. Gáàsì yìí ń tó 2,900 lórí géèjì tí à ń wí! “Ẹ dọ́gbọ́n sí i” kan náà nìyẹn.

Ẹ̀yin ará ilé-iṣẹ́, ẹ gbà wá ní ẹnu ìyànjú. Òfin ilé-iṣẹ́ wa kò gbà kí ọ̀gá tan bọ́ílà tí kò ní fáàfù ààbò. Kí ló wá dé tí èyí tí awakọ̀ jókòó tì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ fi jẹ́ gálọ́ọ̀nù?

Ọlọ́kọ̀ á ní nǹkan wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó rówó ẹ́ńjìnnì tó ní òun kò rówó táńkì, kò tíì rówó ẹ́ńjìnnì. Àwọn kan nínú wa pàápàá fẹ́ràn gálọ́ọ̀nù, wọ́n ní ó ń jẹ́ kí àwọn rí iye epo tó kù. Kí wọ́n tún géèjì ṣe! A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Nítorí náà, ohun tí a ń fẹ́ nìyí:

1. Ẹni tó ra ẹ́ńjìnnì ni kó ra táńkì àti pọ́ǹpù, kí ó má yọ ọ́ nínú owó awakọ̀.
2. Kí táńkì jẹ́ èyí tí a ṣe fún ọkọ̀, kí ó wà níta ibi tí èrò wà, kí ó jìnnà sí sálẹ́ńsà.
3. Kí agbára pọ́ǹpù bá ẹ́ńjìnnì mu, kí rọ́bà jẹ́ ti íńjẹ́kítọ̀, kí a fi kílíìpù dì í.
4. Kí rewaya so pọ́ǹpù lọ́nà tí yóò fi kú bí ẹ́ńjìnnì bá kú, kí ó má baà máa ti epo sínú iná lẹ́yìn ìjàǹbá.
5. Kí wẹ́dà má fi iná kan táńkì tí epo ti wà nínú rẹ̀ rí láìjẹ́ pé a fọ èéfín rẹ̀ kúrò pátápátá.

Bí awakọ̀ kan bá kọ̀, ọlọ́kọ̀ á gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹlòmíràn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń mú wa. Ṣùgbọ́n bí gbogbo páàkì bá kọ̀, ta ni yóò gbé e fún? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ ṣí ìjókòó ẹ̀yìn wò kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ bá bá gálọ́ọ̀nù níbẹ̀, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà, kí ẹ sì wá sọ fún ẹgbẹ́.